Ọdún Kan Péré fún Ẹni Tó Ti Pé Ọgọ́ta

Kò sí ohun tó kan Olúbọ̀dé nínú bésíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá. Kò mọ òfin rẹ̀, kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń wọ ìbọ̀wọ́ ràgàjì sí ọwọ́ kan ṣoṣo, kò sì fẹ́ mọ̀. Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló kó o wọlé. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń gbá a ní pápá Eastbrookend, nílùú òyìnbó tí wọ́n ń gbé, lọ́jọ́ Sátidé, tó bá sì délé, ti Amẹ́ríkà ló tún ń wò lórí fóònù. Nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ kan ló ti sọ pé wọ́n ti fún gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù kan, ọmọ ọdún méjìdínlógójì, ní àdéhùn ọdún mẹ́fà, àti pé owó tí wọ́n máa san fún un, ká má wulẹ̀ pè é.

Olúbọ̀dé gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ọdún mẹ́fà? Ta ló ń ra ẹṣin arúgbó ní iye ọmọ ẹṣin?"

"Dádì, kì í ṣe eré ọ̀la nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Òun làwọn èèyàn ń wá wò. Òun ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé."

"Kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó máa lọ sílé ẹ̀. Ẹni tó bá ti ń dàgbà, ọdún kọ̀ọ̀kan la fi ń wò ó. Bó bá ṣe dáadáa lọ́dún yìí, ká tún máa wò ó lọ́dún tó ń bọ̀."

Morónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó sì bu ọbẹ̀ kún àwo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Olúbọ̀dé lẹ́nu. Ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń gé irun fún un ní Heathway, ó sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì. Ẹ má sì rò pé ó kàn ń sọ ọ́ lásán. Ẹnì kan wà lọ́kàn rẹ̀, ẹni náà sì ń tẹ dùùrù.

Adéwọlé ni. Nínú ìjọ Aládùúrà wọn ní Dagenham East, Olúbọ̀dé ni aṣáájú akọrin. Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ rẹ̀ dáadáa, "Bódì" ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, tó wọ sùtánà, tó gbé orin, gbogbo ìjọ á dìde. Ipò yẹn ni ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí òun ìbá máa jí sí. Àmọ́ láti nǹkan bí ọdún mélòó kan, àwọn èèyàn ń ti Romford àti Ilford wá nítorí dùùrù Adéwọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń rọ́ lọ bí ìsìn bá parí. Ìjọ kan ní Barking ti wá ń fi ojú wá a. Adéwọlé bá ní kí òun tó dúró, òun ń fẹ́ àdéhùn ọdún márùn-ún, kí wọ́n fi kún owó òun, kí ẹnì kan sì máa fi mọ́tò gbé òun lọ sílé ní Eastbrook.

Inú bí Olúbọ̀dé. Láti ọjọ́ tó ti ń gbé orin, "Ọlọ́run á bù kún yín" ni owó oṣù tirẹ̀. Àti pé orí Adéwọlé funfun báláú, ìka rẹ̀ sì ti ń le bí òtútù bá mú. Arúgbó bẹ́ẹ̀ ń béèrè ọdún márùn-ún.

Nǹkan kan wà tí ilé Olúbọ̀dé nìkan mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́ta ọdún nínú ìjọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ rí i, nínú ìjọ wọn, ọkùnrin tí kò tíì pé ọgọ́ta ló ń to àga, tó ń kó àga, tó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, àfi onídùùrù, tó ń tẹ orin tí ìjọ fi ń túká. Ẹni tó bá ti pé e á bọ́ sí ẹgbẹ́ àgbà, á jókòó sórí àga onítìmùtìmù níwájú, wọn á máa pè é ní Bàbá. Àga kíkó ti sú Olúbọ̀dé. Nígbà tí Morónkẹ́ bi í léèrè, ó ní, "Ọdún mẹ́ta péré. Ṣé màá kú kó tó pé ni?"

Ìgbìmọ̀ wá jókòó níwájú gbogbo ìjọ lẹ́yìn ìsìn lórí ọ̀rọ̀ Adéwọlé. Ìyá Oyèyẹmí, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ni alága. Olúbọ̀dé dìde, ó tún sùtánà rẹ̀ ṣe, ó sì gbé bésíbọ́ọ̀lù kalẹ̀ níwájú wọn. Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹṣin arúgbó, ó sọ nípa orúnkún tó ń dùn àti owó tó ń lọ, àfi bí ẹni tó gbá a rí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kó má bàa dà bíi pé ẹnì kan ló ń bá wí, ó là á mọ́lẹ̀ pé, "Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ akọrin tó bá ti pé ọgọ́ta, ọdún kan péré. Kí ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ dán an wò."

Gbogbo wọn nawọ́ sókè. Adéwọlé náà nawọ́. Ìyẹn ya Olúbọ̀dé lẹ́nu díẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Oyèyẹmí wí. "Adéwọlé ò tíì pé ọgọ́ta, ẹ jẹ́ ká fún un ní ọdún márùn-ún ẹ̀."

Olúbọ̀dé rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ wo irun orí wọn."

"Irun ìdílé wọn nìyẹn. Bàbá ẹ̀ ò tíì pé ogójì tí tiẹ̀ ti funfun. Ojú mi ni wọ́n ṣe bí i, èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n bí ìyá ẹ̀ bá lọ sóko. Lọ́dún tó ń bọ̀ ló máa pé ọgọ́ta. Òfin tẹ́ ẹ ṣe, ẹni tó ti pé ló bá wí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó wá ku ẹnì kan." Ó yíjú sí Olúbọ̀dé, ojú àánú ló sì fi wò ó. "Bàbá Olúbọ̀dé, ẹ̀yin la ṣe ìdúpẹ́ yín lọ́dún tó kọjá. Èmi gan-an ni mo gbàdúrà lé yín lórí."

Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, àjà ló wà fún ìyàwó. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ gé pàṣán nínú igbó, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Olúbọ̀dé la ẹnu. Òtítọ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀: ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta lòun. Tó bá sọ ọ́, àga onítìmùtìmù lọ, orúkọ Bàbá lọ. Ta ni yóò sì jẹ́ kí ẹni tó purọ́ nínú ìdúpẹ́ gbé orin níwájú pẹpẹ? Ó wo Morónkẹ́ láàárín àwọn obìnrin. Morónkẹ́ ń tún gèlè rẹ̀ wé, ibòmíràn ló ń wò.

"Ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́ náà ni," ni Olúbọ̀dé wí, ó sì jókòó.

Nílé, Ayọ̀mípọ̀sí ní, "Dádì, ẹ ṣáà sọ fún wọn."

"Kó sọ kí ni?" Morónkẹ́ dáhùn. "Ìrẹsì ìdúpẹ́ yẹn, èmi ni mo sè é. Kó máa bá ọgọ́ta ẹ̀ lọ."

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, nínú ọkọ̀ búrẹ́dì ló ti ń kọrin. Ohùn rẹ̀ kò tíì gbó rárá, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yan orin tó ga jù lọ, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ gan-an ń sá fún, kí ìgbìmọ̀ lè rí i pé àgbà yìí yàtọ̀ sí àgbà yòókù.

Ọjọ́ pé, ìgbìmọ̀ jókòó. Adéwọlé tẹ dùùrù, ohùn tó ti ibẹ̀ jáde sì wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Olúbọ̀dé wò ó.

"Mo ti fa ohùn ẹ̀ wálẹ̀ fún yín, ẹ̀gbọ́n," ni Adéwọlé wí jẹ́jẹ́. "Pẹ̀lú ọjọ́ orí yín, kò yẹ ká fi orin ni yín lára."

"O ṣeun, Adéwọlé," ni Ìyá Oyèyẹmí wí. "Ọmọ tó mọyì àgbà."

Olúbọ̀dé tún sùtánà rẹ̀ ṣe. Ó kọ ọ́ nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ohùn tó ń dún bí agogo lójoojúmọ́ wá ń kùn, ó sì ń jáde bíi ti ẹni àádọ́rin ọdún. Bó ṣe parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ tó rọ̀.

"Fún àgbà bíi tiyín, ẹ gbìyànjú," ni Ìyá Oyèyẹmí wí. "Ẹ gba ọdún kan yín. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a ó tún wò ó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń làágùn, ẹ gbé àga fún Bàbá."

Adéwọlé ló dìde nídìí dùùrù pẹ̀lú orí funfun rẹ̀, ó gbé àga wá láti ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ nu eruku kúrò lára àga náà, ó sì gbé e sí ìdí Olúbọ̀dé.

"O ṣé, àbúrò," ni Olúbọ̀dé wí fún ẹni tó fi ọdún kan jù ú lọ, ó sì jókòó.