Àga Tó Ń Mì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ni ìyàwó mi kú. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló yẹ kí n bá a ní ilé iṣẹ́ wa. Ilé ìwòsàn ni mo ti bá a, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú.

Àga la ń kàn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la fi jọ ṣe é, èmi àti òun, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ méje. Èmi ni ọ̀gá. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, orúkọ mi nìkan ló sì wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà.

Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nírọ̀lẹ́, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti lọ, màá mú ṣọ́ọ̀kì, màá máa yẹ àga wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí àléébù bá wà, màá fa àmì síbẹ̀. Bí àléébù náà bá bí mi nínú, màá kọ̀wé gàdàgbà sórí ìjókòó: "Ṣé ojú oorun lo fi gé èyí ni?" Tàbí: "Ẹni tó kàn án ni kó rà á." Màá tilẹ̀kùn, ó di ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi ló ń ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Èmi á kọ́kọ́ gba ibi tí wọ́n ti ń ta pákó lọ. Nígbà tí mo bá fi máa dé ní aago mẹ́wàá, wọ́n á ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹnikẹ́ni kì í ráhùn. Mo máa ń yangàn fún àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ mi pé àwọn ń pariwo mọ́ òṣìṣẹ́ títí ohùn wọn fi ń há, èmi, ṣọ́ọ̀kì kan tó mi.

Lẹ́yìn tí a sin ín, mo fún ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ tí ìyàwó mi fi ń ṣílẹ̀kùn. Ojúlòṣùwọ̀n là ń pè é, torí pé bó bá ti wo pákó báyìí, kò nílò kó wọ̀n ọ́n mọ́. Mo mú ṣọ́ọ̀kì mi, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Ogójì àga ilé ìkàwé wà nílẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ kó lọ kí oṣù tó parí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Ìbejì, tó ń bá wa kun àga, wọlé láàárọ̀, ó ka ohun tí mo kọ sórí iṣẹ́ rẹ̀: "Ṣé ẹsẹ̀ lo fi kùn ún?" Ó tú épírọ̀nù rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó, ó lọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn méjì mìíràn fi tẹ̀ lé e. Mo ní kí wọ́n máa lọ, pé ẹni tí kò gba ìbáwí kò lè mọṣẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ojúlòṣùwọ̀n fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì mi.

"Ọ̀gá, ẹ gbà á. Mo fẹ́ lọ sinmi."

"Sinmi kẹ̀? Ogójì àga ńkọ́?"

"Ẹ ó kàn án."

Mo mọ̀ pé bó bá lọ, ilé iṣẹ́ ti kú nìyẹn. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún lo fi rí ṣọ́ọ̀kì mi," mo ní. "Kí ló wá dé nísinsìnyí?"

"Ṣọ́ọ̀kì wo, Ọ̀gá? Oṣù yìí ni mo kọ́kọ́ rí i."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré. Ó fa àga kan, ó jókòó, kò tọrọ àyè.

"Màmá ti máa ń nu gbogbo rẹ̀ kí a tó dé. Àga tó tutù la máa ń bá. Àwa rò pé wọ́n kàn fẹ́ràn ìmọ́tótó ni. Wọ́n á wá pe ẹni tó ni iṣẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá jókòó síbí, kí ẹ sọ bó ṣe rí lára yín.' Màá jókòó. Màá ní, 'Ó ń mì díẹ̀.' Wọ́n á ní, 'Ẹsẹ̀ wo ni?' Màá wá a, màá rí i. Wọ́n á ní, 'Ẹ kúuṣẹ́.' Ó parí. Èmi fúnra mi ni mo mú ara mi, ta ni mo fẹ́ bá bínú?"

"Kò sọ pé èmi ni mo rí i?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní ká máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìdí tí a fi ń sọ pé ojú Ọ̀gá le, àmọ́ inú wọn dáa nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àṣé inú ẹlòmíì la ń yìn."

Mo ní, "Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Bóyá wọ́n sọ fún yín, Ọ̀gá. Etí yín ni mi ò mọ̀."

Ìgbà náà ni mo rántí. Nírọ̀lẹ́, bí mo bá wọlé tí mo bọ́ bàtà, ìyàwó mi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á ní, "Báwo lòní ṣe rí lára yín?" Màá ní, "Dáadáa." Màá béèrè oúnjẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi bi mí, ìdáhùn kan náà ni mo fún un.

Mo ti kọ́kọ́rọ́ sọ́dọ̀ Ojúlòṣùwọ̀n. Ó tì í padà.

"Ẹni tó bá máa nu àga ló ni kọ́kọ́rọ́ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ kí n wá lọ́jọ́ Ajé, ẹ ṣílẹ̀kùn fúnra yín. Kẹ́ ẹ sì lọ bá Ìyá Ìbejì. Ẹ má rán mi o."

Mo lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ó ń sá aṣọ. Kò ní kí n jókòó.

"Ohun tí mo kọ yẹn," mo ní, "kò yẹ kí n kọ ọ́."

Ó ní òun gbọ́. Mo dúró. Ó sá aṣọ méjì sí i.

"Ọ̀gá, ta ló mú yín mọ ibí? Ọdún mẹ́sàn-án, Màmá nìkan ló ń wá."

"Mo ń béèrè ọ̀nà bọ̀ ni. Ilé mẹ́ta ni mo ṣì wọ̀."

Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín, mi ò mọ ìdí.

Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́fà ààbọ̀, mo ṣílẹ̀kùn. Mo pọnmi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ń nu àmì tí ọwọ́ ara mi fà. Kò tètè lọ. Ìjókòó tí mo bá ti fi ìbínú kọ̀wé sí, ṣọ́ọ̀kì ti wọ inú pákó. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo fa àpótí ìjókòó tí ìyàwó mi máa ń lò kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo jókòó lé e. Ó mì.

Ojúlòṣùwọ̀n dé ní aago méje, Ìyá Ìbejì tẹ̀ lé e. Àwọn méjì yẹn kò padà wá. Mo fa àga tó kùn sílẹ̀ fún Ìyá Ìbejì.

"Jókòó, kí o sọ bó ṣe rí lára rẹ."

Ó jókòó, ó fọwọ́ ra apá àga náà. "Ó ń ha ọwọ́ níbí," ó ní. Ó wá gbójú sókè. "Ẹ̀yin ńkọ́, Ọ̀gá? Báwo ni tiyín ṣe rí?"

Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé dáadáa.

"Ó ń mì," mo ní.

Ohun tí ìyàwó mi fi sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ nìwọ̀nyí.

Kọ́kọ́rọ́ kan, òwú pupa ló so mọ́ ọn.

Awò ojú, apá kan rẹ̀ ti kán.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan.

Àkísà mẹ́rin, tí ṣọ́ọ̀kì ti mú kí wọ́n funfun, tí wọ́n sì gan.

Òṣìṣẹ́ márùn-ún.

Àpótí ìjókòó tí mo kàn fún un lọ́dún tí a bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì kúrú. Páálí tí ìyàwó mi ká sábẹ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbi tí mo ti fà á kúrò, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ.