Agogo Lórí Afárá

"Ọjọ́ tí ìyá mi bí mi, n ò sunkún o. Ìròyìn ni mo kà! Mo ka ti àárọ̀, mo ka ti ọ̀sán, àfìgbà tí agbẹ̀bí bẹ̀ mí pé kí n sinmi díẹ̀ kóun ráyè gé ìwọ́ mi."

Báyìí ni Agogo ṣe ṣí ètò òwúrọ̀ lórí rédíò àdúgbò. Ó ti tó ọdún méjìlélógún tó ti ń ṣe é. Ará àdúgbò kì í wo aago mọ́: bí Agogo bá ti pa irọ́ àkọ́kọ́, aago mẹ́fà ti lù nìyẹn.

Ṣùgbọ́n lónìí, kì í ṣe inú ilé rédíò ló ti ń sọ̀rọ̀. Òjò ọjọ́ mẹ́ta ti rọ̀ débi pé àkèré pàápàá ń wá agbòjò rà. Ọ̀gá rédíò, tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáámú, ti ní kó mú fóònù lọ sórí afárá, kó máa sọ fáwọn èèyàn bóyá wọ́n lè kọjá lọ sí ilé ìwé àti ọsibítù.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Agogo," Màdáámú ti wí lánàá. "Irọ́ ìbí yín ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá purọ́ nínú ìròyìn pẹ́nrẹ́n, mo ti gba ètò òwúrọ̀ lọ́wọ́ yín."

Ẹ wá wo Agogo wa tó yẹ kó wà lórí afárá! Ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ ló jókòó sí, lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí aṣọ àwọn oníbàárà. Orúnkún rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ó ti fi í pa mọ́ fún ọdún méjì, torí ó mọ̀ pé bí Màdáámú bá rí i, "Bàbá, ẹ lọ sinmi" ló kù. Ta ni Agogo láìsí ètò òwúrọ̀? Ó yọjú lójú fèrèsé, ó wo gọ́tà, ó fi gọ́tà wọn odò.

"Èmi rèé lórí afárá, gbọn-in! Omi ò tíì débì kankan. Ẹja kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí báyìí, ó ní èmi lòun ń gbọ́ láràárọ̀. Ẹ máa kọjá o!"

Ni ẹnì kan bá pe ilé rédíò. Màdáámú so ó pọ̀ mọ́ Agogo.

"Ẹ káàárọ̀ o. Èmi bíríkìlà ni. Orí afárá lèmi náà wà, omi ti mù mí dé itan. Apá ibo lẹ wà?"

"Òdìkejì ni mo wà, bíríkìlà mi àtàtà!"

"Òdìkejì ti wó."

Agogo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ta lẹ rò pó ń fẹ̀yìn gbé e dúró?"

Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Níwájú kọ́tìnnì, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ dún, karakarakara.

"Kí ló ń dún yẹn?" Bíríkìlà bi í.

"Eyín ẹja ni. Òtútù ń mú un."

Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ohùn obìnrin kan wọlé sórí afẹ́fẹ́, Agogo sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì: lórí fóònù, àti níwájú kọ́tìnnì.

"Màdáámú, ẹ káàárọ̀. Ìyàwó Agogo ni. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń fẹ̀yìn gbé afárá kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí aṣọ oníbàárà mi." Kò rẹ́rìn-ín rárá. "Bàbá Nọ́ọ̀sì, ọmọ rẹ ti gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ ní ọsibítù. Rédíò wà létí ẹ̀. Ó ní bàbá òun ní kí àwọn máa kọjá."

Ẹnu Agogo, tí kò tíì pa dé láti inú oyún, pa dé. Bó bá sọ òótọ́, ètò òwúrọ̀ lọ. Bí kò bá sọ ọ́ ńkọ́?

"Irọ́ ni mo pa," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọ tó ń jẹ́wọ́ pé òun jí ẹran jẹ. "N ò débẹ̀. Orúnkún ló ń dùn mí. Ẹ má kọjá o! Ọmọ mi, padà!"

Kò dúró gbọ́ ohun tí Màdáámú máa wí. Ó já kọ́tìnnì lulẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ kọjá, ó ń tiro sáré lọ sọ́nà odò, fóònù lọ́wọ́, bàtà lẹ́sẹ̀ kan, bùbá oníbàárà ń wọ́ tẹ̀ lé e.

"Ọ̀kadà kan ti ṣẹ́rí padà níbí o!" Bíríkìlà ń pariwo. "Nọ́ọ̀sì ló wà lẹ́yìn ẹ̀!"

"Agogo," Màdáámú wí jẹ́ẹ́, "ibo lẹ wà?"

"Mò ń lọ sórí afárá, Màdáámú. Tọ̀tẹ̀ yìí, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ."

Màdáámú ò pa ìlà náà. Gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ọ: pá-tì-ẹ̀, pá-tì-ẹ̀, bó ṣe ń sá lọ.