Bátìrì tí Ṣàngódèyí Gbé Rù

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ni bátìrì kámẹ́rà Ọláyẹmí fi ń ṣiṣẹ́ kó tó kú. Ó ti fi aago wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tilẹ̀ pé tí iná pupa kékeré inú ojú kámẹ́rà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, tí gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Inú ìlú ló ti máa ń ya fídíò, ní Igbó-Ọrà níbẹ̀ tàbí ní Èrúwà àti Lánlátẹ̀. Ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìsìn ìdúpẹ́. Bátìrì kò jẹ́ nǹkan kan níbẹ̀. Yóò ki wáyà bọ iná. Bí iná bá lọ, ẹni tó ń náwó yóò tan jẹnẹrétọ̀. Kámẹ́rà náà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan gbé. Ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni, orí èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, àlòkù láti òkè òkun. Píkọ́ọ̀pù tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi ń kó ẹ̀gẹ́ ni wọ́n tà kí wọ́n tó rí i rà. Ìdí nìyí tí àyà rẹ̀ fi máa ń já nígbàkígbà tí ẹ̀rọ náà bá dún lọ́nà tí kò yé e.

Nínú oṣù Kejì ọdún 1992, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ifáwùmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Tápà tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Igbó-Ọrà. Kò jókòó.

"Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo bá wá," ó ní. "Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la máa gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti máa ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn n'Íbàdàn. Wọ́n ní àwọn ò ní lọ àfi bí àwọn bá kọ́kọ́ rin ààlà ilẹ̀ wa já, kí ẹ sì gbé e sínú fídíò."

"Ààlà? Nínú oko?"

"Nínú oko, lẹ́yìn Tápà. Mọ́tò ò dé ibẹ̀. Ọ̀kadà gan-an, ó níbi tó máa ń dúró sí."

Ọláyẹmí wo bátìrì tó wà lórí tábìlì. Ó yẹ kó sọ òótọ́, ṣùgbọ́n Ifáwùmí ti ń ka ẹgbẹ̀rún kan náírà sílẹ̀, ó ní òun yóò fi ẹgbẹ̀rún méjì lé e bí iṣẹ́ bá parí. Kò sí ìgbéyàwó kankan níwájú títí di Àjíǹde. Ó gba owó náà.

Kí obìnrin náà tó lọ, ó sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bàbá rẹ̀, Ògúntọ́lá, àti àbúrò bàbá rẹ̀, Ṣàngódèyí, kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́tàlá. Ilẹ̀ tí bàbá wọn pín fún wọn ló dá a sílẹ̀. Àbúrò ní ẹ̀gbọ́n sún ààlà. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni. Àwọn àgbà ẹbí ti sọ̀rọ̀ títí, ó sú wọn. Ní báyìí tí ara bàbá kò le, gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù ohun tí àwọn ọmọ yóò fi ara wọn ṣe bí ó bá kú láìsọ nǹkan kan.

"Tí bàbá bá ti sọ ọ́ sínú fídíò pé ibẹ̀ ni ààlà wa," Ifáwùmí wí, "ọ̀rọ̀ parí nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, Ọláyẹmí wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò kámẹ́rà. Ọkùnrin tó ń tajà yẹ ẹ̀yìn kámẹ́rà wò, ó mi orí.

"Màdáámú, bátìrì tuntun fún èyí, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lé igba ni ọ̀kan. Yóò ṣiṣẹ́ tó ìṣẹ́jú àádọ́ta. Ẹ sì máa nílò méjì."

"Àlòkù ńkọ́?"

"Ẹgbẹ̀rún méjì. Àmọ́ mi ò lè búra fún un. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó lè jẹ́ mẹ́rin."

Owó iṣẹ́ náà lápapọ̀ kò tó bátìrì tuntun kan. Ọláyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í kó kámẹ́rà rẹ̀ sínú àpò. Ọkùnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ohun pẹlẹbẹ kan jáde lábẹ́ káńtà, tí wáyà méjì so mọ́ ọn lára, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú.

"Àdápítọ̀ ni. Ẹ ó há a mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà níbi tí bátìrì máa ń wà, ẹ ó so wáyà rẹ̀ mọ́ bátìrì mọ́tò. Iná fóòtì méjìlá ni kámẹ́rà yín ń jẹ, fóòtì méjìlá náà sì ni bátìrì mọ́tò. Kò ní kú fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹgbẹ̀jọ náírà."

"Ṣé kò ní ba kámẹ́rà jẹ́?"

"Bí pupa bá lọ sí pupa, tí dúdú lọ sí dúdú, kò sí ewu. Bí ẹ bá gbé e gba òdì, kámẹ́rà ti jóná nìyẹn. Ẹ má sì dá a padà wá fún mi o."

Ó san án. Nínú ọkọ̀ tó ń padà bọ̀, ó gbé e lé itan bí ẹni gbé ẹyin. Gbólóhùn ọkùnrin náà kò kúrò ní etí rẹ̀ títí ó fi dé Èrúwà.

Mùkáílà tó ń ṣáájì bátìrì lẹ́bàá títì ní Igbó-Ọrà ló yá a ní bátìrì mọ́tò. Àmì tó ń fi orí pupa hàn yàtọ̀ sí ti dúdú ti pa rẹ́. Mùkáílà fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ọ̀dà pupa kun orí kan.

"Èyí ni ti pupa, àǹtí."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Jọ̀ọ́, tún un yẹ̀ wò."

Mùkáílà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tún un yẹ̀ wò. Nígbà tí Ọláyẹmí tan kámẹ́rà náà, ńṣe ló di ojú. Ìgbà tó gbọ́ tí kásẹ́ẹ̀tì ń yí ló tó là á.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, wọ́n pàdé níbi tí ọ̀nà ọ̀kadà parí sí. Bàbá Ifáwùmí jókòó lórí kùkùté, ó fi ọ̀pá lélẹ̀, ó ti rù, ojú rẹ̀ ti wọnú. Àgbà ẹbí méjì dúró tì í. Ṣàngódèyí náà wá. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún díẹ̀ ni, apá rẹ̀ ṣì le. Ó dá dúró lábẹ́ igi lọ́tọ̀, kò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà kò sì wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Sàlámì, alárù tí Ifáwùmí bá ṣàdéhùn pé yóò ru bátìrì, kò yọjú. Wọ́n dúró títí, oòrùn ń gòkè. Bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọláyẹmí wo àwọn àgbà méjì náà. Kò sí èyí tó lè gbé bátìrì náà nínú wọn. Ifáwùmí gbìyànjú, ó gbé e dé orúnkún, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ gbé e fún mi," Ṣàngódèyí wí láti abẹ́ igi.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ṣebí ẹni tó bá rù ú ló máa sún mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù? Mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ."

Ó ká aṣọ rẹ̀ ṣe òṣùká. Wọ́n gbé bátìrì sínú abọ́, Ọláyẹmí so wáyà mọ́ ọn, wọ́n gbé e rù ú. Wáyà náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Nítorí náà bí bàbá ṣe ń lọ níwájú, Ọláyẹmí ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú kámẹ́rà léjìká, Ṣàngódèyí sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, Ọláyẹmí ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Bí ọ̀kan bá kọsẹ̀, wáyà yóò já.

Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka sí àpáta tó wà lẹ́bàá odò. "Ibí ni bàbá wa ti bẹ̀rẹ̀." Ó rìn, ó sinmi, ó tọ́ka sí kùkùté ìrókò. "Ó kọjá síbí." Ọláyẹmí ń wo iná pupa inú ojú kámẹ́rà, kò tíì ṣẹ́jú.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí igi kajú pọ̀ sí, tí ìlà pẹ̀rẹ̀gún tí wọ́n fi sàmì ààlà sì hàn níwájú, bàbá dúró.

"Ẹ pa á ná."

Ọláyẹmí pa á. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ṣàngódèyí, sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wúwo."

"Mi ò sọ ọ́. Ẹ wí ohun tí ẹ fẹ́ wí."

Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Pẹ̀rẹ̀gún yìí, èmi ni mo tún un gbìn síbí. Ọdún tí iná jẹ oko mi ni. Ti bàbá wa ń bẹ lọ́hùn-ún, lẹ́yìn àwọn igi kajú."

Àwọn igi kajú náà, ẹ̀gbọ́n Ifáwùmí ọkùnrin ló gbìn wọ́n, wọ́n sì ti ń so.

"Mo mọ̀," Ṣàngódèyí wí. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbìn ín ni mo ti mọ̀. Mi ò kàn mọ̀ bóyá ẹ máa sọ ọ́."

"Mo ti sọ ọ́ báyìí. Ìyáàfin, tan ẹ̀rọ yẹn."

"Bàbá, ẹ dákun!" Ifáwùmí ti sáré dé láti ẹ̀yìn. Ó di apá Ọláyẹmí mú. "Ẹ má tan án. Èmi ni mo bẹ̀ yín níṣẹ́. Owó mi ni."

Ìka Ọláyẹmí wà lórí bọ́tìnnì. Òótọ́ ni, owó Ifáwùmí ni. Ẹgbẹ̀rún méjì kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó sì ti ná ju ohun tó gbà lọ. Ó wo bàbá.

"Bàbá, ṣé kí n tan án?"

"Tan án, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tèmi ni."

Ó tan án.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ ọdún náà. Kò tíì dé ibi ọ̀rọ̀ tí iná pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ọláyẹmí yíjú díẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú Ṣàngódèyí, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, abọ́ náà ń mì, wáyà pupa sì ti fẹ́ yọ lórí bátìrì. Ọláyẹmí kò lè kígbe. Ohùn rẹ̀ yóò wọ kásẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan àyà ọkùnrin náà, ó na ọwọ́ òsì sókè, ó tẹ wáyà náà mọ́ orí bátìrì. Ásíìdì, omi bátìrì tó máa ń jóni, ti tú síbẹ̀. Ó ta á níka bí ìgbà tí tanípẹ́pẹ́ bá bu ènìyàn jẹ. Kò jẹ́ kó yọ. Bàbá ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń sinmi, ó tún ń sọ ọ́. "Èmi ni mo sún un. Ẹ dá ilẹ̀ náà padà fún àbúrò mi. Kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ mi má jà sí i." Lẹ́yìn náà ló ní ó tó.

Wọ́n padà síbi ọ̀nà ọ̀kadà. Ifáwùmí san ẹgbẹ̀rún méjì náà, ó wo ọ̀tọ̀, ó lọ.

Iná kò sí ní Igbó-Ọrà lọ́jọ́ náà, kò sí lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Ọláyẹmí kò mọ bóyá ohùn wọlé tàbí kò wọlé, kò sì ní ìgboyà láti tún so wáyà náà mọ́ bátìrì. Wọ́n ti gbé bàbá lọ sí Ìbàdàn. Bí kásẹ́ẹ̀tì náà bá ṣófo ńkọ́? Bí bàbá kò bá sì padà? Ọkọ rẹ̀ gbé oúnjẹ fún un, kò lè jẹ ẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gílóòbù ojúlé tàn lójijì. Ó sáré wọlé, ó ki wáyà bọ iná, ó fi ojú mọ́ kámẹ́rà. Àwòrán náà mì níbi kan, ó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn bàbá dún ketekete láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọláyẹmí jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ bàbá tán nígbà tí ẹbí péjọ ní Tápà láti wo kásẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ̀gbọ́n Ifáwùmí wò ó tán, ó wá bi àwọn àgbà bóyá òun lè ká kajú ọdún yẹn kí òun tó kúrò lórí ilẹ̀ náà. Wọ́n ní kó lọ bi Ṣàngódèyí. Ṣàngódèyí kò wọlé wá bá wọn wo fídíò. Ọláyẹmí bá a níta, ó ń di ẹrù sínú àpò kan, iṣu àti èlùbọ́.

"Bàbá, ẹ ò fẹ́ wò ó ni?"

"Ṣé mi ò sí níbẹ̀ ni? Mo gbọ́ ohun tó bi wọ́n. Kajú náà, kó ká a." Ó so ẹnu àpò. "Ìbàdàn ni mò ń lọ. Wọ́n ní Ifáwùmí tó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ níbẹ̀ ò tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́rin. Kó wá sinmi nílé, èmi á máa tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi."