Efínrín Ẹnu Géètì Bàbá Walter

Bàbá Walter rìn kọjá ilé ara wọn lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì bá ara wọn láàárín títì.

Ilé wọn ló tẹ̀ lé tèmi ní Ìjẹ̀bú-Òde, lójú ọ̀nà Ìjagun. Ìyàwó wọn tó ti kú ló gbin efínrín sẹ́nu géètì. Ẹ̀ẹ̀rùn o, òjò o, ewé rẹ̀ kì í tán. Gbogbo àdúgbò ló ń já a. À ń fún un mu fún inú rírun, à ń fi sí ọbẹ̀ ẹja tútù, ẹ̀fọn kì í sì í fẹ́ dúró níbi tó bá wà. Àwọn kan ní ó ń wo àìsàn mìíràn. Èmi ò mọ ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí nǹkan ò bá fara kàn án, jẹ́ẹ́ ló máa ń wà. Bí nǹkan bá gbá a, òórùn rẹ̀ á gba ojú ọ̀nà.

Bí Bàbá bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, wọ́n máa ń fi ọ̀pá gbá a kí wọ́n tó yà wọlé. Mo rò pé eré ni.

Adélékè, ọmọ wọn tó tẹ̀ lé Walter, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Odògbólú. Ó ní kí ilẹ̀ má baà yọ̀ mọ́ bàbá òun lẹ́sẹ̀, ó gba àwọn tó máa to òkúta ìntalọ́ọ̀kì sílẹ̀ ẹnu géètì. Bàbá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ tí wọ́n hú efínrín náà.

Igbe ọlọ́kadà ni mo gbọ́ tí mo fi sáré jáde. Mo di ọwọ́ Bàbá mú.

“Bàbá, ẹ ti kọjá ilé.”

“Ilé ló kọjá mi, Ìyá Hikmah. Ta ló gbé efínrín mi?”

Adélékè, tó ń dúró ti àwọn òṣìṣẹ́, ti dé ọ̀dọ̀ wa. “Bàbá, ṣebí ẹ ní ẹ ṣì ń rí díẹ̀?”

“Mò ń rí i.”

Ó na ọwọ́ síwájú wọn. “Ìka mélòó nìyí?”

“Ọmọ tí mo kọ́ ní ení, èjì, ló wá ń dán mi wò!”

Wọn ò dárúkọ iye kankan. Adélékè jókòó lórí òkúta tí wọ́n kó jọ, ó ń sunkún.

Mo ṣẹ́ ẹ̀ka kan nínú èyí tí wọ́n hú, mo rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ó hù, efínrín ò ṣòro láti gbìn. Ṣùgbọ́n Adélékè ti mọ̀ pé Bàbá ò ríran mọ́. Ó kó Bàbá lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Odògbólú. Ó ń tọ́jú wọn dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Nígbà tí mo lọ kí wọn, mo mú ewé díẹ̀ dání. Wọ́n fọwọ́ ra á, wọ́n gbé e símú. Ni wọ́n bá dìde, wọ́n ń táràrà wá ọ̀pá wọn.

Adélékè ti gbé e pamọ́.