Adìẹ Tí A Kò Ta Omi Sí

Àwọn ìyá ilé Rájí ní Ìwó kì í ta omi sí adìẹ. Bí wọ́n ṣe ń sè é kò le: àgbébọ̀ kan tó sanra, iyọ̀, ata gbígbẹ, irú díẹ̀, àti àlùbọ́sà tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìṣaasùn. Wọn a fi ewé gbòdògì bo ẹnu rẹ̀, wọn a gbé ọmọrí lé e, wọn a sì gbé e ka ẹyinná. Ọ̀rá adìẹ náà ni epo rẹ̀, omi ara rẹ̀ sì ni omi ọbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣí i wò ti bà á jẹ́.

Ṣẹ̀fíátù, ìyá Rájí, ló kọ́ Sẹ̀gilọlá, ìyàwó tuntun. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò tún un sọ.

"Ọkọ̀ ojú irin yóò já Rájí sílẹ̀ láti Ìbàdàn kí oòrùn tó wọ̀. Bí o bá sè é bó ṣe yẹ, wàá dá ààrò tìrẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wàá ṣì máa fọ ìkòkò Àjíkẹ́."

Àjíkẹ́ ni aya Fàtáì, ẹ̀gbọ́n Rájí. Láti ìgbà tí Sẹ̀gilọlá ti wọlé ló ti ń dáná lábẹ́ rẹ̀: Sẹ̀gilọlá ń ṣẹ́ igi, Àjíkẹ́ ń pín ẹran.

"Ará Kúta," ni Àjíkẹ́ wí bó ṣe ń lọ sódò, "má sọ ọ́ di èédú o. Eyín mi ò mọ èédú jẹ."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwọn ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí. Fàtáì ni yóò pa adìẹ náà bó bá dé. Sẹ̀gilọlá so ó mọ́ èèkàn lẹ́yìnkùlé, ó ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ nígbà tí àwòdì já wálẹ̀. Ó sọ òkò, àwòdì ju adìẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya. Adìẹ náà ń mí gúlegúle. Ó ké pe àwọn ará ilé, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ṣẹ̀fíátù wà lórí ẹní ìkírun.

Nílé bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà, wọn kì í wo irú adìẹ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kú dànù. Ó mú ọ̀bẹ, ó pa á, ó tu ìyẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e kaná. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ọkùnrin ni pípa adìẹ nílé yìí, bí omi pípọn ṣe jẹ́ iṣẹ́ obìnrin. Kò mọ̀ pé òfin ni.

Òórùn ti gba ilé kan nígbà tí Àjíkẹ́ sọ omi kalẹ̀.

"Baálé mi ti dé ni?"

"Rárá."

"Ta wá ló pa adìẹ?"

"Èmi ni. Àwòdì fà á ya, ó ń kú lọ."

Àjíkẹ́ jókòó sórí odó. "O ò tíì ṣe kálímà, ìwọ ọmọ yìí! Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni Áàfáà yóò sọ ọ́ lórúkọ. Òkúǹbete tí Ìmàle kì í jẹ ni ohun tí o pa fún wa." Ó wo ìkòkò, ó fa òórùn símú. "Ṣùgbọ́n ta ló rí ọ? Sọ pé baálé mi ló pa á kó tó lọ. Màá bá a sọ̀rọ̀. Odidi àgbébọ̀! Itọ́ ti kún mi lẹ́nu."

"Ìyàwó!" Ṣẹ̀fíátù pè láti inú yàrá. "Òórùn yẹn dára. Ta ló bá ọ pa á?"

Àjíkẹ́ fi ìgbúnwọ́ gún un. Sẹ̀gilọlá rántí ààrò. Ó sì rántí pé ìyá àgbà yìí kì í mu omi láìbéèrè ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, èmi ni mo pa á. N kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni."

Ìyá ká ẹní ìkírun rẹ̀. "Gbé e wá."

Nígbà tí Sẹ̀gilọlá gbé e dé, Ìyá ní kí ó ṣí i. Ó wò ó, kò fọwọ́ kàn án.

"O ò ta omi sí i."

"Rárá, Ìyá."

"O ò sì ṣí i wò."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má ṣí i."

"A ò ní jẹ ẹ́, a ò sì ní dà á nù. Gbé e lọ bá bàbá rẹ ní Kúta. Fọ ìṣaasùn mi dáadáa kí o tó gbé e padà. Ìkòkò ò ṣẹ̀."

Àjíkẹ́ sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Ààrò ńkọ́, Ìyá? Ẹ ò kúkú tọ́ ọ wò."

"Wọn ò ṣe òórùn léèwọ̀ fún mi," ni Ṣẹ̀fíátù wí.

Ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ ni Rájí jẹ nígbà tó dé. Wọ́n jẹ́ kó jẹun tán kí wọ́n tó sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ní Kúta, Oyèdèjì ṣí ìkòkò, ó wo ọmọ rẹ̀. "Odidi àgbébọ̀? Kí ló ṣe àwọn àna wa?"

"Èmi ni mo pa á, Bàbá. Ìmàle kì í jẹ ohun tí irú mi bá pa."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Máa pa á lọ bẹ́ẹ̀." Ó jẹ egungun rẹ̀ títí kò fi ku ohun tí ajá lè rí mú.

Sẹ̀gilọlá sùn síbẹ̀. Nígbà tó gbé ìkòkò dé Ìwó ní òwúrọ̀, òkúta mẹ́ta ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò tíì sí eérú láàárín wọn. Adìẹ mìíràn wà lábẹ́ agbọ̀n nínú ilé, níbi tí ojú àwòdì ò tó. Ṣẹ̀fíátù tọ́ka sí i.

"Bí Fàtáì bá pa á, kí o sè é."

Àjíkẹ́ tẹ̀ lé e débi ààrò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ti àná yẹn, ṣé o tọ́ ọ wò?"

"Mo tọ́ ọ wò."

"Báwo ló rí?"

Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í to igi. "Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé."