Ilang Ọlọ́wọ́ Òsì

Ọ̀bẹ mọ́kànlélógójì ni Sanggau ní. Lẹ́nu tiẹ̀, igba ni. Ọ̀kan wà nínú wọn tó mú débi pé tí òjò bá ń rọ̀ lé e lórí, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan á là sí méjì. Òmíràn wà tó ti fi pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó mẹ́tàdínlógún, kò sì sí èyí tó ráhùn nínú wọn. Ara ògiri yàrá ẹ̀ nínú ilé gígùn tí gbogbo abúlé jọ ń gbé ló so gbogbo wọn mọ́. Kò níyàwó, torí ibi tí ìyàwó ì bá sùn, àkọ̀ ọ̀bẹ ló wà níbẹ̀.

Èyí tí kò tíì ní ló ká a lára. Aki Unchat, bàbá àgbà alágbẹ̀dẹ tí wọ́n mọ̀ láti orísun odò dé ẹnu òkun, ti kéde pé òun ò lu irin mọ́. Ilang kan ṣoṣo ló kù lọ́dọ̀ ẹ̀, àdá gígùn tó fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù rọ. Tí ìyẹn bá ti lọ, ó parí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Sanggau ò fi fojú ba oorun. Kó lè sọ pé ọwọ́ òun ni ìkẹyìn wà, kí ẹlòmíì má ní irú ẹ̀ láyé, ìyẹn nìkan ló ń wá.

Láàárọ̀ Sátidé, igi ńlá kan wó dí ẹnu odò. Kò sí ọkọ̀ ojú omi tó lè kọjá. Gbogbo ilé gígùn sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀, Aki Unchat sì gbé ilang náà dání wá.

"Sanggau, ìwọ lo ń dààmú mi. Gbà, fi gé igi yìí. Tó bá gba ọwọ́ rẹ, tìrẹ ni."

"Aki, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo mọ ọ̀bẹ ju bí ọ̀bẹ ṣe mọ ara ẹ̀ lọ."

Ó gbé e sókè, ó ṣá igi. Ilang yọ̀ lára igi, ó bẹ́ imú bàtà rọ́bà Sanggau sọnù. Ó tún ṣá a, omi ló ṣá.

Ìyá Mengga, tó ti gbé àpótí ìjókòó wá, la ẹnu. "Sanggau, igi rèé, omi rèé, ẹsẹ̀ rẹ náà rèé. Èwo ló ṣẹ̀ ọ́ gan-an?"

"Irin yìí ni ò dáa, ẹ̀yin ìyá. Sípíríǹgì ọkọ̀ àlòkù."

Aki Unchat ò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, wo ikùn ẹ̀."

Sanggau wò ó. Ojú kan ilang a máa yọ ikùn, ojú kejì a sì máa jin wọnú bí àwo. Ibi tí ikùn bá wà ló ń sọ ọwọ́ tí wọ́n rọ ọ́ fún. Ọmọ ọdún mẹ́fà ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ikùn èyí wà ní òdìkejì ibi tó yẹ kó wà.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni mo rọ ọ́ fún," ni Aki wí. "Ẹni náà lọ ṣiṣẹ́ epo rọ̀bì ní ìlú Miri, ó ní òun ò nílò ẹ̀ mọ́. Gbé e wá, kí n wá ọlọ́wọ́ òsì míì."

Sanggau di ilang mú gírígírí. "Aki, ọlọ́wọ́ òsì ni mí."

Ìyá Mengga fa àpótí ẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Láti ìgbà wo?" ni Ìyá Mengga bi í.

"Látinú oyún. Ìtìjú ni mo fi ń lo ọ̀tún."

"Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ. Ọwọ́ ọ̀tún lo kọ́kọ́ fi gbá mi létí."

"Òsì ló kọ́kọ́ jáde, ẹ̀yin ìyá. Ẹ ò rí i ni."

"Ó dáa," ni Aki wí. "Fi òsì gé e."

Aago mẹ́jọ ló bẹ̀rẹ̀. Ìyá Mengga pa adìẹ, ó sè é sínú oparun, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sùn, wọ́n jí, wọ́n tún pa òmíràn. Sanggau gé e níhìn-ín, ó gé e lọ́hùn-ún, ó gé èyí tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, apá òsì ẹ̀ ti wú débi pé ọ̀tún ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ìgbà náà ni igi náà dá sí méjì, tí odò ṣí.

Aki Unchat mú ọwọ́ náà, ó tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń ra màǹgòrò.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni ẹ́. Mú ilang rẹ."

Sanggau fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. "Ìkẹyìn! Ọwọ́ mi ni ìkẹyìn wà!"

"Ìkẹyìn báwo?" Aki jókòó lórí igi náà. "O mọ̀ pé owú mi sún mọ́ ògiri. Ọlọ́wọ́ òsì nìkan ló lè dúró níwájú mi kó lu irin, ọlọ́wọ́ ọ̀tún á kàn máa lu ògiri ni. Àbúrò mi, ọlọ́wọ́ òsì, ló ń bá mi lù ú kó tó kú. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe jáwọ́. Ọjọ́ Ajé, máa bọ̀ lágbẹ̀dẹ. Sípíríǹgì mẹ́rìnlá wà nílẹ̀."

"Aki," ni Ìyá Mengga ké, "ẹ kọ́kọ́ rọ tèmi o!"

"Kí tèmi tẹ̀ lé e!" ni ẹnì kan ké láti inú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn márùn-ún míì náwọ́ sókè, ọ̀kan nínú wọn fẹ́ méjì.

"Ṣé Ọjọ́ Ajé dáa, Sanggau?"

"Ó dáa, Aki."

Ìyá Mengga gbé àwo adìẹ sí i. Sanggau na ọ̀tún. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó fà á padà, ó fi èyí tó wú gbà á.