Ẹ̀kọ́ Kẹrin Lórí Káàdì Búlúù

3.
…nítorí náà ni Olùkọ́ ṣe lẹ ìwé yìí mọ́ ògiri kíláàsì, tó sì sún sẹ́yìn wò ó bí ẹni ń wo àwòrán ara rẹ̀:

ÌKÌLỌ̀!
Ẹ MÁ YỌ MẸ́MÓRÌ KÁÀDÌ NÍGBÀ TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ BÁ Ń SÙN.
Ẹ jí i. Ẹ pa fáìlì dé. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ yọ káàdì. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó yọ ọ́.
— Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà, òun fúnra rẹ̀

4.
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Àmọ̀tán. Ó rò pé ìyìn ni.

5.
Ohun tó wà lórí tábìlì ilé, lọ́sàn-án Sátidé:

Káàdì dúdú, nínú kọ̀ǹpútà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjìlá, ohùn Olùkọ́. Ó ti gbọ́ ìkẹta nígbà mẹ́fà. Ó ń dùn mọ́ ọn.

Káàdì búlúù. Ohùn bàbá ìyàwó rẹ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Bàbá ti kú. Kò sí ẹ̀dà mìíràn.

6.
"Ẹ bá mi ṣe ẹ̀dà rẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, wí. "Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀ ọ́n."
Orí Olùkọ́ wú. Ó pa ìdérí kọ̀ǹpútà dé, ó fa dúdú yọ, ó ki búlúù bọ̀ ọ́, ó ṣí ìdérí. Wéré. Bí onídán.

7.
Kọ̀ǹpútà ti sùn; kò jí i kó tó yọ ọ́.

8.
LÓRÍ FÓÒNÙ

OLÙKỌ́: Ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣe é o.
ATÚNKỌ̀ǸPÚTÀṢE: Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín.
OLÙKỌ́: Kí ló fà á?
ATÚNKỌ̀ǸPÚTÀṢE: Kọ̀ǹpútà jí, ó rò pé káàdì àkọ́kọ́ ló ṣì wà nínú òun. Ó bá kọ orúkọ fáìlì tibẹ̀ lé èkejì lórí. Bí ẹni tó tají tó ń pe àlejò ní ìyàwó rẹ̀.
OLÙKỌ́: Ohùn tó wà níbẹ̀ ńkọ́?
ATÚNKỌ̀ǸPÚTÀṢE: Díẹ̀ lè ṣẹ́ kù. Kí ọ̀rẹ́ yín má kọ nǹkan kan sí i mọ́.
OLÙKỌ́: Màá sọ fún un.

9.
Ẹ̀kọ́ 1: kò ṣí.
Ẹ̀kọ́ 2: kò ṣí.
Ẹ̀kọ́ 3: kò ṣí. (Èyí tó dùn jù!)
Ẹ̀kọ́ 4, Bí A Ṣe Ń Yọ Káàdì Láìséwu: ó ṣí. Ohùn arúgbó: "Ọkọ rẹ, ọmọ dáadáa ni. Ẹnu rẹ̀ ló kàn ń ṣáájú ọwọ́—"
Olùkọ́ yára dá a dúró.

10.
Àwáwí tó kọ sílẹ̀:
~~Iná ló lọ.~~
~~Káàdì náà ti gbó.~~
~~Bàbá kò sọ̀rọ̀ sókè tó.~~
Ojú tì í kó tó kọ ìkẹta tán.

11.
Kò ṣí.

12.
ÌYÀWÓ (láti yàrá kejì): Ẹ ti ṣe tán? Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá gbọ́ ọ. Kò gbọ́ ọ rí.
OLÙKỌ́: Mo ń—
OLÙKỌ́: Ó ku díẹ̀.

13.
Máṣíìnì ìránṣọ dákẹ́ ní yàrá kejì, ìyàwó rẹ̀ sì wọlé wá wo ojú kọ̀ǹpútà.

ÌYÀWÓ: Mo gbọ́ ohùn bàbá mi.
OLÙKỌ́: Bẹ́ẹ̀ ni.
ÌYÀWÓ: Kí ló dé tí wọ́n ń jẹ́ Ẹ̀kọ́ Kẹrin?
OLÙKỌ́: Jókòó.
ÌYÀWÓ: N ò jókòó.
OLÙKỌ́: Èmi ni mo bà á jẹ́. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Èmi ni.
ÌYÀWÓ: Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán.

14.
"—ń ṣáájú ọwọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún ọ, ọmọ mi, ohun tí wàá ṣe ni pé kí o"

15.
Kò ṣí.